Taghaza àti Taoudenni: Ilẹ̀ Iyọ̀ Inú Aṣálẹ̀

Iyọ̀ kì í wọ́n níbi ìsọmọlórúkọ ní gúúsù Èkìtì. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà bèèrè ni ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ń rí i kí ọkọ̀ òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá sí èbúté. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ará etí òkun bí Ìlàjẹ ni wọ́n ń se omi òkun títí yóò fi gbẹ di iyọ̀, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará òkè. Kán-ún tí àwọn ìyá wa fi ń se ẹ̀wà ní tirẹ̀ ń bọ̀ láti agbègbè adágún Chad, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Haúsá. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí ń gbé òkè odò Ọya lọ́hùn-ún, àárín gbùngbùn aṣálẹ̀ Sàhárà ni iyọ̀ ti ń wá.

Àríwá orílẹ̀-èdè Mali òde òní ni Taghaza àti Taoudenni wà. Adágún omi ni ibẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí ojú ọjọ́ yí padà tí òjò dáwọ́ dúró, oòrùn fa omi náà gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ sì dì ní ìpele-ìpele lábẹ́ amọ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ pẹrẹsẹ, kò sí igi, kò sí oko. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ń jí rí òkè Olósùnta lójoojúmọ́ yóò ronú pẹ́ kí ó tó lè fojú inú wo irú ibẹ̀.

Ní ọdún 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, gba Taghaza kọjá. Ọjọ́ 25 ni ó fi rìn láti Sijilmasa kí ó tó dé ibẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iyọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé àti mọ́ṣáláṣí, awọ ràkúnmí ni wọ́n sì fi bo orí wọn. Ẹrú ni àwọn tí ń wa iyọ̀ náà. Láti ọ̀nà jíjìn ni ọkà àti dàbínù tí wọ́n ń jẹ ti ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Leo Africanus náà dé ibẹ̀. Ó ní bí oúnjẹ bá pẹ́ kí ó tó dé, ebi a máa pa àwọn òṣìṣẹ́ kú.

Àwọn ìwé kan sọ pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń pààrọ̀ iyọ̀ àti wúrà. Èmi kì í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo iye tí Ibn Battuta kọ. Ẹrù ràkúnmí kan jẹ́ mítíkálì wúrà 8 sí 10 ní Walata. Ní olú ìlú Mali, ó di 20 sí 30, nígbà mìíràn 40. Mítíkálì kan fi díẹ̀ lé ní gíráàmù 4. Mítíkálì 40 kò pé gíráàmù 200, bẹ́ẹ̀ ẹrù ràkúnmí kan lè lé ní 100 kílò. Ọ̀nà jíjìn ni ó sọ iyọ̀ náà di ọ̀wọ́n.

Iyọ̀ yìí kan náà dá ogun sílẹ̀. Ọba Ahmad al-Mansur ti Mòrókò béèrè owó orí iyọ̀ Taghaza lọ́wọ́ Áskíà Ishaq Kejì ti Songhai, Áskíà sì kọ̀. Ní 1591, ọmọ ogun Mòrókò tí Judar Pasha kó sọdá aṣálẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì ṣẹ́gun Songhai ní Tondibi. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti pa Taghaza tì, iṣẹ́ sì ṣí lọ sí Taoudenni.

Láti 1969 títí di 1988, ìjọba Moussa Traoré fi Taoudenni ṣe ẹ̀wọ̀n fún àwọn alátakò rẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà wálé.

Iṣẹ́ iyọ̀ kò tíì tán níbẹ̀, bí ọkọ̀ akẹ́rù tilẹ̀ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ràkúnmí. Kòtò bíi mítà mẹ́rin ni wọ́n ń gbẹ́ kí wọ́n tó kan iyọ̀ tó dára, wọn a sì gé e bí ìgànnà pákó. Ràkúnmí kan a máa ru mẹ́rin lọ sí Timbuktu, ìrìn tó lé ní 600 kìlómítà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ẹni tó ni ràkúnmí yóò mú mẹ́ta. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ti ẹni tó wà á.