Ààtàn Ooru: Ìtàn Ẹ̀rọ Amúlétutù Ojú Fèrèsé Nínú Ilé Onítáyà Kékeré ní Amẹ́ríkà

1. Ìfáàrà

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ amúlétutù, orúkọ àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n sábà máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn, bí ẹni pé òtútù jẹ́ ohun tí ọgbọ́n orí ẹnì kan mú wá sáyé. Ojú ìwòye yìí kò kún tó. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ni ó ń kó ní ibì kan dà sí ibòmíràn. Gẹ́gẹ́ bí agboolé kọ̀ọ̀kan ti ní ààtàn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yàrá tí a bá fẹ́ mú tutù gbọ́dọ̀ ní ibi tí ooru rẹ̀ yóò dà sí. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti inú ilé onítáyà kékeré, èyíinì ni yàrá orí táyà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi mọ́tò fà lọ sí ìrìn-àjò. Ilé iṣẹ́ ni ó ṣe àwọn kan. Àwọn mìíràn jẹ́ tírélà ẹrù tí ẹni tí ó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ di ibùsùn. Kókó tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ ààtàn ni ó darí ìtàn yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù.

2. Kí ẹ̀rọ tó dé ojú fèrèsé

Ní 1902, Willis Carrier ya àwòrán ẹ̀rọ kan fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Kì í ṣe ìtura ènìyàn ni ó ń wá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí bébà fẹ̀ kí ó sì súnkì, tí àwọ̀ kò fi bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ. Ní 1931, H. H. Schultz àti J. Q. Sherman gbé èyí tí ó lè jókòó sí etí fèrèsé jáde, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọjà rẹ̀ tó tà: nǹkan bí 43,000 ni wọ́n tà ní 1947, ní 1953, iye náà ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Àwọn onílé onítáyà kò dúró de àkókò yìí. Ní 1936, Clipper tí ilé iṣẹ́ Airstream ti Wally Byam ṣe ní ètò ìtutù tí ó ń lo yìnyín gbígbẹ. Àwọn awakọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn tí ilẹ̀ ti gbẹ sì ń fi agolo olómi kọ́ ojú fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé lè tutù. Ọ̀nà méjèèjì ní ààlà. Ti yìnyín, ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti da ooru nù; bí ó bá ti tán, ìtura tán. Ti omi, inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan ni ó ti wúlò. Ní etíkun gúúsù tí ọ̀rinrin pọ̀ sí, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀.

3. Ẹ̀kọ́ láti ara tírélà ẹrù

Ẹni tí ó kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn yìí lórí táyà ni Frederick McKinley Jones, ọmọ ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí a bí ní 1893. Láti 1938 ni òun àti Joseph Numero ti ń ṣiṣẹ́ ní Minneapolis lórí ẹ̀rọ tí yóò mú kí oúnjẹ inú tírélà má bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ so ó mọ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti ìgbọ̀nrìrì ojú ọ̀nà kò jẹ́ kí ó gbádùn. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí òkè iwájú tírélà ni ó tó fìdí múlẹ̀. Ní 1991, lẹ́yìn ikú wọn, ìjọba Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ dá àwọn méjèèjì lọ́lá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe kedere: ẹ̀rọ kan náà ni, ipò tí a gbé e sí ni ó yí padà.

4. Ẹ̀rọ ilé nínú yàrá orí táyà

Ní 1947, ìwé ìròyìn Popular Mechanics tẹ ètò bí ènìyàn ṣe lè kan ilé onítáyà kékeré fúnra rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ó sì gùn ní 8, nítorí pé ìwọ̀n pákó pẹlẹbẹ kan nìyẹn. Oòrùn ń tètè mú inú rẹ̀ gbóná, fèrèsé rẹ̀ kò sì gba ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ìtura ní láti dá ògiri lu.

Níbí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀rọ ojú fèrèsé tí ó kéré jù ń kó 5,000 BTU ooru jáde ní wákàtí kan, èyíinì ni nǹkan bí wáàtì 1,465, ó sì ń jẹ iná tí ó tó wáàtì 450. Àpapọ̀ méjèèjì, nǹkan bí wáàtì 1,900, ni ó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Bí onílé bá fi ẹ̀yìn náà pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ojú ògiri lè dára, ooru tí ó padà sínú yàrá yóò ju èyí tí ẹ̀rọ kó jáde lọ. Ẹni tí ó gbálẹ̀ tí ó kó pàǹtí sí abẹ́ ibùsùn kò tíì gbálẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìlànà iṣẹ́ náà fi rí bí ó ṣe rí. Àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní òde ògiri. Bí kò bá ṣeé ṣe, a ní láti fi pákó pín ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ kúrò lára èyí tí ó ń gbà jáde, kí ooru má ba à yí padà. Ẹ̀rọ náà, tí ó wúwo tó nǹkan bí kílò 20, gbọ́dọ̀ jókòó lórí igi tí ó so mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe lórí páànù fẹ́lẹ́ẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ a sì rẹlẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn sí òde. Bátìrì ọkọ̀ kò tó o: bátìrì fóòtì 12 tí ó jẹ́ 100 Ah kò ní ju wáàtì 1,200 fún wákàtí kan lọ, kò sì lè gbé e dé wákàtí mẹ́ta. Iná ibùdó tàbí jẹnẹrétọ̀ ni ó lè gbé e di òwúrọ̀.

5. Òrùlé tàbí ògiri

Àwọn ilé iṣẹ́ wá ṣe ẹ̀rọ orí òrùlé tí ó ń bọ́ sínú ihò afẹ́fẹ́ oníwọ̀n íǹṣì 14 ní gbogbo ìhà. Ó yanjú ọ̀rọ̀ ààtàn pátápátá, nítorí pé gbangba ni ẹ̀yìn rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n 13,500 BTU tí ó wọ́pọ̀ lára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí yàrá kékeré nílò lọ, ó ju kílò 30 lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ojú fèrèsé lọ dáadáa. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ ojú fèrèsé, tí a kò ṣe fún ìrìn-àjò rárá, kò fi kúrò nínú ilé àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kò pin sí ògiri ilé onítáyà. Gáàsì tí Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1928 kò léwu nínú yàrá. Ojú sánmà ni ewu rẹ̀ ti hàn, títí àwọn orílẹ̀-èdè fi fẹnu kò ní Montreal ní 1987 láti dẹ́kun irú rẹ̀. R-22, tí ó pẹ́ nínú ẹ̀rọ ojú fèrèsé, kò sí nínú ẹ̀rọ tuntun ní Amẹ́ríkà mọ́ láti 2010. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni ó ṣẹlẹ̀ lójú sánmà: wọ́n rò pé ohun tí kò sí lójú ti lọ. Kò tó kí òpìtàn béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ mú yàrá tutù. Ó yẹ kí ó béèrè ibi tí wọ́n da ooru náà sí, àti ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bá ààtàn.