Orin Alápá Púpọ̀: Bí “Band on the Run” Ṣe Di Odidi

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Beatles, ti tú ká ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀, onígìtá Denny Laine, àti Geoff Emerick tó mọ iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ dunjú. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá, ni wọ́n ń bọ̀ láti gba àwo “Band on the Run” sílẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra ni onílù wọn, Denny Seiwell, àti onígìtá kejì, Henry McCullough, ti fi Wings, ẹgbẹ́ tuntun Paul, sílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta péré ló kù tí yóò lu gbogbo ohun èlò.

Ìtàn ìrìn àjò náà ti di àwítúnwí: òjò tí kò dá, àwọn olè tó fi ọ̀bẹ dá tọkọtaya náà dúró lóru, èémí tó dí Paul lẹ́nu iṣẹ́, Fela tó wá fẹ̀sùn kàn án. Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti bo iṣẹ́ gan-an mọ́lẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò: ọ̀nà tí akọrin rọ́ọ̀kì kan gbà fi ègé orin tí kò jọra ṣe orin kan ṣoṣo, àti ohun tí Àpápá fi kún un.

Ìlànà tó mọ́ àwọn olùgbọ́ rọ́ọ̀kì lára kò le. Akọrin á lé, ègbè á tẹ̀ lé e. Á tún lé, ègbè kan náà á tún padà. Gìtá á dá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ègbè á sì gbé orin náà délé. Ojú kan àwo kékeré kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, nítorí náà ègbè gbọ́dọ̀ tètè dé. Orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà, “Band on the Run”, kò tẹ̀ lé èyí rárá. Ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Apá kìíní rọra ń lọ, ohùn ẹni tó há mọ́lé ni. Apá kejì le koko, ẹni náà sì ń ro ohun tí òun yóò ṣe bí òun bá rí ọ̀nà jáde. Apá kẹta ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tí wọ́n wá ń wá àwọn tó sá lọ kiri. Inú apá kẹta yìí nìkan la ti gbọ́ orúkọ orin náà, lẹ́yìn tí ìṣẹ́jú méjì ti kọjá. Méjì àkọ́kọ́ kò sì padà mọ́ títí orin fi parí.

Níbo ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀? Paul ti ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ lẹ́nu George Harrison, tí wọ́n jọ wà nínú Beatles, níbi ìpàdé Apple, ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà, ló ta sí òun létí, ọ̀rọ̀ ẹni tí ìpàdé ti sú, tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Ìgbà ẹjọ́ ni ìgbà náà: ní ìparí ọdún 1970 ni Paul gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n lè tú àjọṣe Beatles ká. Kò kọrin nípa ìwé àdéhùn àti lọ́yà. Ó sọ ìnira náà di ìtàn ẹ̀wọ̀n, ó fi adájọ́ àti asìnkú sí i, ó wá jẹ́ kí ìtàn náà di apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Èyí ló yẹ kí a tẹ ẹsẹ̀ dúró sí. Ohùn orin kò so wọ́n pọ̀, ìlù kò so wọ́n pọ̀. Ìtàn ni okùn tó gbà wọ́n kọjá.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ní ọdún 1967, nínú orin Beatles “A Day in the Life”, ègé tí John Lennon kọ àti ègé tí Paul kọ jókòó sínú orin kan náà. Wọ́n fi ìwọ̀n ìlù mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ lófìfo láàárín wọn, wọ́n wá pe ogójì olórin láti fi ariwo tó ń gòkè kún un. Emerick ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1971, “Uncle Albert/Admiral Halsey” gba ọ̀nà kan náà. “Live and Let Die” tẹ̀ lé e ní 1973. Ohun tí Paul ti kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé oríkèé ni iṣẹ́ wà. Ẹnikẹ́ni lè ní ègé orin mẹ́ta tí kò parí. Bí ọ̀kan yóò ṣe fi ipò sílẹ̀ fún èkejì láìjẹ́ pé olùgbọ́ rò pé wọ́n ti pààrọ̀ àwo, ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọ̀gá.

Àpápá wá mú kí iṣẹ́ oríkèé yìí le sí i. Ẹ̀rọ tó wà ní EMI kò gbà ju ojú ọ̀nà ohùn mẹ́jọ lọ lórí téèpù. Kò sí àwọn pátákó tí a fi ń ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Káfíńtà ló kàn wọ́n. Iná ń lọ, jẹnẹrétọ̀ ń gbà á. Nígbà tí ojú ọ̀nà bá jẹ́ mẹ́jọ, akọrin kò lè sọ pé òun yóò pinnu lọ́la. Ó ní láti mọ ohun tó fẹ́ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Paul fúnra rẹ̀ ló lu ìlù, òun ló ta báàsì àti ọ̀pọ̀ gìtá. Mo gbà pé èyí ran orin náà lọ́wọ́. Ẹni tí oríkèé wà lórí rẹ̀ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ń yí ìlù padà, kò ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ibi tí ìṣísẹ̀ yóò ti yára.

Àwọn olè ọjọ́ náà kó àpò tí téèpù ìdánrawò àti ìwé ọ̀rọ̀ orin wà nínú rẹ̀. Àwọn oníròyìn máa ń ka èyí sí àdánù lásán. Lójú tèmi, àyẹ̀wò ló já sí. Ohun tí Paul tún rí kó jọ láti inú iyè rẹ̀ ni ohun tó dúró ṣinṣin nínú orin kọ̀ọ̀kan, ohun tó rọ̀ mọ́ orí fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni onírárà àti oníjálá wa ṣe ń pa iṣẹ́ mọ́ láti ayébáyé.

Fela gbọ́ pé àlejò dé, ó wá bá a ní EMI, ó ní Paul wá jí orin àwọn ènìyàn dúdú ni. Paul ní kí ó jókòó gbọ́ ohun tí àwọn ti ṣe, Fela sì gbà pé kò sí ìlù wa nínú rẹ̀. Èmi kò dá Fela lẹ́bi ẹ̀sùn náà rárá, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti kó orin wa lọ tí wọn kò dá orúkọ kan. Ṣùgbọ́n ìlù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí a bá wo ìrísí orin, etí Èkó kò ní rí ohun àjèjì nínú “Band on the Run”. Fela fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ohùn èlò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kó tó la ẹnu. Àwo jùjú Ebenezer Obey àti Sunny Adé ní àwọn ọdún náà máa ń ti orin kan bọ́ sí òmíràn láìdúró títí ojú àwo yóò fi tán. Karin Barber, nínú ìwé tó kọ lórí oríkì ní Òkukù ní 1991, fi hàn pé ègé tó ti ibi púpọ̀ wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró, ni oríkì jẹ́. Nínú oríkì, ẹni tí a ń kì ni okùn. Nínú jùjú, ìlù tí kì í já ni. Nínú orin Paul, ìlù já lẹ́ẹ̀mejì, ìtàn ló dúró.

Orin kejì tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni “Picasso's Last Words”. Jàmáíkà ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òṣèré Dustin Hoffman ka ìròyìn ikú Picasso, ẹni tó kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 1973, fún Paul, tó sì ní kó fi kọ orin lójú ẹsẹ̀. Lílé àti ègbè wọ́ọ́rọ́wọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ onílù Ginger Baker ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣe é, Baker pàápàá mi agolo tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ sí i. Nígbà náà ni Paul rò ó pé ayàwòrán tó ń fọ́ ojú èèyàn sí wẹ́wẹ́ kí ó tó tún un tò kò yẹ kó ní orin tó lọ tààrà. Ó fọ́ orin náà: ìṣísẹ̀ yí padà, ohùn kan ń sọ èdè Faransé, ègé “Jet” àti “Mrs Vandebilt” láti inú àwo kan náà tún yọjú. Níbí, kókó ọ̀rọ̀ ló yan ìrísí fún orin, ìdí nìyí tí mo fi kà á sí èyí tó jinlẹ̀ jù nínú méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkíní ló gbajúmọ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti parí gbogbo rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ní AIR Studios. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba apá kẹta “Band on the Run” sílẹ̀, tí Tony Visconti sì ṣètò ohùn gòjé àti fèrè tó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ibẹ̀ náà ni Remi Kabaka, ọmọ Èkó, ti wá lu ìlù sí “Bluebird”, òun nìkan sì ni onílù ilẹ̀ wa tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àwo náà.