Cabildo: Orúkọ Kan, Ìlò Mẹ́ta

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà yóò máa pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ kan láti inú èdè Sípéènì: cabildo. Bí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, yóò rí ìgbìmọ̀ ìlú níbẹ̀. Bí ó bá sì dúró lórí ìtumọ̀ yìí nìkan, yóò ṣi ìtàn náà kà.

Capitulum, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí orí ìwé, ni orísun rẹ̀. Àwọn àlùfáà ìjọ Páàdì a máa pé jọ láti gbọ́ orí kan nínú òfin wọn. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ohun tí a ń kà ṣe di orúkọ àwọn tí ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni a fi pe ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ìlú. Irú cabildo bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ Buenos Aires, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní oṣù Èbìbí ọdún 1810, nígbà tí àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ ọba Sípéènì.

Ní Kúbà, ìlò kẹta jẹ yọ. Cabildo de nación ni ẹgbẹ́ àwọn ará Áfíríkà, àti ẹrú àti òmìnira, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀yà tirẹ̀. Ìjọba fi àyè gbà wọ́n, kí ojú lè tó wọn, kí ẹ̀yà kan má sì bá èkejì mulẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́gbẹ́ fi owó àjọdá tọ́jú aláìsàn, wọ́n fi sin òkú, wọ́n sì ń fi ra àwọn mìíràn padà kúrò nínú ẹrú. Ní Matanzas, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1845. Orúkọ Jòhánù Mímọ́ Onítẹ̀bọmi ni ó wà lókè, Ògún àti Ọ̀ṣun ni a ń bọ nínú ilé.

Ìjọba kò fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1792 lé ilé wọn jáde kúrò nínú odi Havana. Ní 1884, a ka ìjáde ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọjọ́ ijó wọn, léèwọ̀. Oko ẹrú parí ní 1886. Ní 1888, a kò fún cabildo kankan láṣẹ mọ́ ní ìlànà àtijọ́. Síbẹ̀ òrìṣà kò kú: ó wọ ilé àwọn olórìṣà, ó sì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, kí olùtumọ̀ ṣọ́ra. Bí ìtàn bá kan Buenos Aires, kí ó kọ ìgbìmọ̀ ìlú. Bí ó bá kan àwọn Lùkùmí, ẹgbẹ́ ni kí ó kọ. Ẹni tí ó bá pe ti Lùkùmí ní ìgbìmọ̀ ìlú ti fi ẹrú jókòó lórí àga tí olówó rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sún mọ́, ó sì ti bo ilé tí ẹrú náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mọ́lẹ̀.