Ooru Ló Jẹ́rìí fún Òòfà

Àwa tá à ń kọ́ èdè Yorùbá máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ irin àti ooru, ti àwọn ọmọ Fíìsíìsì ni. Èmi ò gbà. Ẹ gbé omi ife kan àti omi garawa kan ka iná kan náà, ife á kọ́kọ́ hó. Nígbà tí garawa náà bá wá hó, ìgbóná wọn ti dọ́gba, àmọ́ ooru tí garawa jẹ ju ti ife lọ fíìfíì. Ìgbóná yàtọ̀, ooru yàtọ̀. Ohun tí Joseph Black ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Glasgow nìyẹn ní nǹkan bí ọdún 1760. Ó tún rí i pé nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní iye ooru tó gbọ́dọ̀ jẹ kó tó gbóná sí i ní dígíríì kan. Ẹ jẹ́ n pe iye yẹn ní ikùn ooru.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le lẹ́nu: wọ́n á fi iná mànàmáná tí wọ́n mọ iye rẹ̀ mú irin gbóná, wọ́n á wo tẹmómítà, wọ́n á ṣírò. Ó le lọ́wọ́ ṣá o, torí ooru kì í dúró síbi tá a bá fi í sí.

Òòfà wá ńkọ́? Pé iná líle ń gba agbára lọ́wọ́ òòfà ti pẹ́ nílẹ̀. William Gilbert, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé De Magnete lọ́dún 1600. Pierre Curie ló wá jókòó tì í kúnnákúnná ní Paris. Iṣẹ́ tó fi gboyè dókítà lọ́dún 1895, ọdún kan náà tó gbé Marie níyàwó, dá lórí bí agbára òòfà ṣe ń yí padà bí nǹkan ṣe ń gbóná. Orúkọ rẹ̀ la fi ń pe ààlà náà dòní: 770 dígíríì Celsius fún irin, nǹkan bí 358 fún nickel.

A mọ ibi tí òòfà ti ń tú. Kí ló dé tó fi ń tú? Lọ́dún 1907, Pierre Weiss, tó ń ṣiṣẹ́ ní Zürich, sọ pé inú irin kún fún òòfà kéékèèké, pé agbára kan tó fara sin ló mú kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, bí èrò ní yídì. Ooru ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá ṣe ń yẹsẹ̀ ni ọkàn àwọn tó kù ń dín. Tó bá dé ààlà Curie, ìlà tú pátápátá.

Ẹ gbọ́ ná. Agbára tó fara sin tí Weiss ṣírò yìí tóbi ju ti òòfà èyíkéyìí tí wọ́n lè ṣe nígbà náà. Ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá, àbí?

Ikùn ooru ni ẹlẹ́rìí. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni wọ́n di ara wọn mú, títú wọn ká á ní owó tí wọ́n á san, ooru ló sì máa san án. Á jẹ́ pé bí irin bá ti ń súnmọ́ ààlà, á máa jẹ ju bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá ti kọjá, ìjẹkújẹ náà á dáwọ́ dúró lójijì. Lọ́dún 1908, Weiss àti Paul Beck gbé iye ooru tí wọ́n wọ̀n jáde. Ìlà tí wọ́n yà gun òkè, gun òkè, ó sì já bọ́ bí ẹni ń bọ́ lórí Olúmọ. Bó ṣe já bọ́ tó súnmọ́ ohun tí Weiss ti ṣírò. Ó di ọdún 1928 kí Heisenberg tó ṣàlàyé ibi tí agbára náà ti wá.

Lójú tèmi, ọdún 1908 yẹn ló yẹ kí wọ́n máa ròyìn. Curie ti kú lọ́dún 1906, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tẹ̀ ẹ́ pa ní ìgboro Paris. Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Weiss náà ní tiẹ̀. Àmọ́ ẹ bi ọmọ Fíìsíìsì tó bá wà nítòsí yín léèrè ta ni Beck.

Lọ́dún 1917, Weiss àti Auguste Piccard (òun náà ló fi bàlúù gòkè lọ ju 15,000 mítà lọ́dún 1931) rí i pé nickel tó wà nítòsí ààlà rẹ̀ máa ń gbóná díẹ̀ tí wọ́n bá fi òòfà ká a mọ́, tí wọ́n bá sì mú òòfà kúrò, á tutù. Ta ló fẹ́ fi nǹkan tó gbóná tó 358 dígíríì tu omi? Lọ́dún 1935 ni Urbain, Weiss àti Trombe rí i pé gadolinium náà ń di òòfà, nǹkan bí 20 dígíríì péré sì ni ààlà tiẹ̀. Lọ́sàn-án Ìbàdàn, ìlà á ti tú. Láàárọ̀ ọyẹ́ ní Jos, wọ́n á ti tò padà.

Lọ́dún 1997, Pecharsky àti Gschneidner ní Ames, ní ìpínlẹ̀ Iowa, po gadolinium pọ̀ mọ́ silicon àti germanium. Wọ́n wọn ikùn ooru àdàlù náà láìfi òòfà sí i, wọ́n tún fi òòfà sí i. Ní nǹkan bí 3 dígíríì, tí í ṣe ìgbóná inú fìríìjì, òkè tí ìlà náà gùn ga gan-an, torí kì í ṣe àwọn òòfà kéékèèké nìkan ló ń tú níbẹ̀. Àwọn átọ́ọ̀mù fúnra wọn ń pààrọ̀ ìjókòó. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń wá àdàlù mìíràn tí kò ní wọ́n tó gadolinium.