Àsìkò àtẹ̀yìnwá ọ̀rọ̀-ìṣe aláìtẹ̀lélànà nínú èdè Jámánì

Ọ̀rọ̀-ìṣe aláìtẹ̀lélànà nínú èdè Jámánì ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí fáwẹ́lì inú wọn sábà máa ń yí padà bí a bá ń fi wọ́n sọ ohun tó ti kọjá. Wọ́n tó nǹkan bí 200. Lára wọn ni sein (jẹ́, wà), kommen (wá) àti essen (jẹun), tí a ń lò lójoojúmọ́. Ní ọdún 1819, Jacob Grimm pe irú wọn ní ọ̀rọ̀-ìṣe alágbára, ó sì pe ìyípadà fáwẹ́lì náà ní Ablaut.

Ìyàtọ̀ sí Yorùbá

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àsìkò. Bí ará Ìkẹ́nnẹ́ bá wí pé "Mo lọ sí Ṣágámù", ohun tó ti kọjá ló sọ, láìfi nǹkan kan kún "lọ". Ìdí nìyí tí gírámà Yorùbá fi ní àsìkò afànámọ́nìí. Ní èdè Jámánì, bí ó bá wọkọ̀ lọ, yóò sọ pé "Ich fuhr nach Sagamu" tàbí "Ich bin nach Sagamu gefahren". Bí ó bá fẹsẹ̀ rìn, gehen ni yóò lò, kì í ṣe fahren.

Ọ̀nà méjì

Präteritum wọ́pọ̀ nínú ìwé ìtàn àti ìròyìn. Fáwẹ́lì yóò yí padà. Ich àti er kì í gba àfòmọ́ ìparí: ich fuhr, du fuhrst, er fuhr, wir fuhren.

Perfekt ló wọ́pọ̀ lẹ́nu. Haben ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń lò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ nípa lílọ láti ibìkan sí òmíràn máa ń lo sein. Ge- sábà máa ń ṣáájú, -en a sì parí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ

- singen, sang, gesungen (kọrin)
- schreiben, schrieb, geschrieben (kọ̀wé)
- nehmen, nahm, genommen (mú)
- gehen, ging, gegangen (lọ)
- sein, war, gewesen (jẹ́, wà)

Àwọn díẹ̀ da ìlànà méjèèjì pọ̀: fáwẹ́lì wọn yí padà, síbẹ̀ wọ́n gba -te àti -t, bí i bringen, brachte, gebracht (mú wá).

Kíkọ́ wọn

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi -te kún gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó wí pé "gehte" dípò "ging". Ó dára kí a há ìrísí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pọ̀, kí a sì kó àwọn tó jọra sójú kan: trinken (mu) àti finden (rí) ń tẹ̀ lé singen. Ní Nàìjíríà, a ń kọ́ èdè Jámánì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní Goethe-Institut ní Èkó.