Ta ni Mstislav Rostropovich, olórin Rọ́ṣíà tí ìjọba sọ di aláìnílùú?

Tí wọ́n bá ń ka àwọn tó mọ sẹ́lò ta jù lọ láyé, orúkọ Mstislav Rostropovich kì í gbẹ́yìn. Àmọ́ lẹ́tà kan tó kọ lọ́dún 1970 láti gbèjà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló da ayé rẹ̀ rú. Lẹ́tà yẹn ló fa ohun tó lé e kúrò nílé, títí ìjọba Soviet fi sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́mọ mọ́.

Kí ni sẹ́lò? Ohun èlò orin olókùn mẹ́rin ni. Ẹ fọkàn ya àwòrán gòjé, àmọ́ èyí tó tóbi débi pé ẹni tó ń ta á gbọ́dọ̀ jókòó, kó sì fi orúnkún méjèèjì há a. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ta irun ẹṣin sí ni wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń rinlẹ̀ bí ohùn àgbàlagbà ọkùnrin.

Ilé olórin ni wọ́n bí i sí

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1927 ni wọ́n bí Rostropovich nílùú Baku, tó jẹ́ olú ìlú Azerbaijan lónìí, àmọ́ tó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà. Bàbá rẹ̀, Leopold, ń ta sẹ́lò. Ìyá rẹ̀, Sofia, ń tẹ dùùrù. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ló ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́.

Lọ́dún 1943, nígbà tó pé ọmọ ọdún 16, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá tó wà ní Moscow. Lára àwọn olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Dmitri Shostakovich, gbajúmọ̀ tó ń kọ orin sílẹ̀ fáwọn ọ̀kẹ́sírà.

Nígbà tó di ọdún 1948, ìjọba Stalin bu ẹnu àtẹ́ lu Shostakovich àti Sergei Prokofiev, wọ́n ní orin wọn kò bá ti ará ìlú mu. Wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ Shostakovich. Ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún wọn, ṣùgbọ́n Rostropovich kò kúrò lẹ́yìn wọn. Ó ń lọ sọ́dọ̀ Prokofiev kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1952, òun ló kọ́kọ́ ta orin ńlá tí Prokofiev kọ fún sẹ́lò àti ọ̀kẹ́sírà níwájú èrò. Nígbà tí Shostakovich náà kọ tiẹ̀ fún un lọ́dún 1959, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi há a sórí.

Ó fẹ́ Galina Vishnevskaya, gbajúmọ̀ akọrin ilé eré Bolshoi, lọ́dún 1955. Ọmọbìnrin méjì, Olga àti Elena, ni wọ́n bí. Ìjọba fún Rostropovich ní àmì ẹ̀yẹ Stalin, ó gba ti Lenin, wọ́n sì ń jẹ́ kó lọ ṣeré nílẹ̀ òkèèrè. "Slava" làwọn ọ̀rẹ́ ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí "ògo" lédè Rọ́ṣíà.

Lẹ́tà tó dá wàhálà sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn ni Alexander Solzhenitsyn, òǹkọ̀wé tó tú àṣírí ọgbà ìfìyàjẹni ìjọba Soviet. Lọ́dún 1969, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé lé e dànù, kò sì rí ibi gidi gbé. Rostropovich àti ìyàwó rẹ̀ gbà á sílé wọn ní Zhukovka, lẹ́bàá Moscow.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1970 ni wọ́n kéde Solzhenitsyn pé òun ló gba ẹ̀bùn Nobel, làwọn ìwé ìròyìn ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Rostropovich mú gègé, ó kọ lẹ́tà sáwọn ìwé ìròyìn, Pravda náà wà lára wọn. Ó rán wọn létí ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún 1948, ó sì bi wọ́n léèrè ìdí tí àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà fi ń dá ẹjọ́ iṣẹ́ ọnà. Kò sí ìwé ìròyìn Soviet tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ilẹ̀ òkèèrè ni ayé ti kà á.

Látìgbà náà ni wọ́n ti dínà mọ́ ọn. Wọ́n fagi lé ìrìnàjò rẹ̀ sílẹ̀ òkèèrè, wọn ò jẹ́ kó darí ọ̀kẹ́sírà ní Bolshoi mọ́, àwọn gbọ̀ngàn ńlá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Oṣù Karùn-ún ọdún 1974 ló gba àṣẹ láti jáde nílùú. Ìyàwó àtàwọn ọmọ tẹ̀lé e.

Lóṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀. Ní Paris, orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bó ṣe padà sílé

Iṣẹ́ kò dúró. Láti 1977 sí 1994, òun ni olùdarí National Symphony Orchestra ní Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Nígbà tí odi Berlin ṣí lóṣù Kọkànlá ọdún 1989, Rostropovich wọ bàálù láti Paris, ó jókòó síwájú odi náà, ó sì ta orin Bach fáwọn tó ń kọjá. Oṣù Kìíní ọdún 1990 ni ìjọba dá ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú padà fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Oṣù kejì rẹ̀ ló kó ọ̀kẹ́sírà Washington wọ Moscow, ọdún kẹrìndínlógún tó ti kúrò níbẹ̀.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1991, àwọn kan fẹ́ fipá gbàjọba lọ́wọ́ Mikhail Gorbachev. Rostropovich wọ bàálù lọ sí Moscow láì ní físà. Ó wọlé ìjọba tí Boris Yeltsin àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti kọ̀ láti túúbá, ó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Lọ́dún yẹn kan náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń rí sí ìlera àwọn ọmọdé, títí kan fífún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2007 ló kú ní Moscow, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Itẹ́ òkú Novodevichy ni wọ́n sin ín sí, níbi tí Prokofiev àti Shostakovich, àwọn tí kò yà fún lọ́dún 1948, sùn sí. Lọ́dún 2012, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère rẹ̀ ní Moscow, ìlú kan náà tí gbọ̀ngàn rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà kan.