Adájọ́ Àgbà Méjì Lọ́sẹ̀ Kan: Èkìtì, Oṣù Kẹwàá Ọdún 2006

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹwàá ọdún 2006, ẹni mẹ́ta ló ń pe ara wọn ní olórí Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Gómìnà Ayọ̀ Fáyóṣé ní òun ṣì wà lórí oyè. Igbá-kejì rẹ̀, Bíọ́dún Olújìmí, ní òun ló kàn. Friday Adérẹ̀mí, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, sì ti búra gẹ́gẹ́ bí adelé gómìnà. Bí ẹ bá dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn níbí ní Adébáyọ̀ títí di òní, àwọn gómìnà mẹ́ta yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun táwọn èèyàn kì í sábà rántí ni pé adájọ́ àgbà méjì náà la ní lọ́sẹ̀ yẹn. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó ní kíláàsì mi rí, ẹ mọ̀ pé mi ò gbà kẹ́ni kẹ́ni máa ka ìwé òfin Amẹ́ríkà bí ẹni ń ka ìtàn ilẹ̀ òkèèrè. Ó ti di tiwa. Kó tó di 1966, ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ń lò: ẹni tó bá ní èèyàn púpọ̀ jù lẹ́yìn nílé aṣòfin ló ń ṣe olórí ìjọba, inú ilé aṣòfin yẹn náà ló sì ń jókòó sí. Ní 1962, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yẹn fọ́ mọ́ wa lórí. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tó jẹ́ gómìnà yọ Akíntọ́lá, ó fi Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní òun ò lọ síbì kankan. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní 29 oṣù karùn-ún, wọ́n sì rán Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá láti wá ṣe alákòóso. Olórí méjì, lẹ́yìn náà àlejò láti Èkó. Ẹ fi sọ́kàn.

Nígbà tí Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1975, tí Rótìmí Williams jẹ́ alága rẹ̀, láti kọ ìwé òfin tuntun, ọ̀nà Amẹ́ríkà ni wọ́n yàn. Ìwé òfin 1979 jáde látinú rẹ̀, ti 1999 sì tẹ̀ lé e.

Kí ni ọ̀nà Amẹ́ríkà yìí? Àwọn tó kóra jọ ní Philadelphia ní 1787 ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọba ni. Wọn ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, títí kan ara wọn. Wọ́n pín agbára sí mẹ́ta: àwọn tó ń ṣòfin, àwọn tó ń ṣàkóso, àwọn tó ń dájọ́. Àmọ́ wọn ò ya wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì í. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀kan sínú ìkòkò èkejì, kó má bàa sí èyí tó lè dá ọbẹ̀ sè. Láti yọ ààrẹ, ilé kan ń fẹ̀sùn kàn án, Sẹ́nétì ń gbọ́ ẹjọ́, adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè ló ń ṣe alága, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ dá a lẹ́bi. Ní 1868, ibò 35 ló fẹ́ kí Andrew Johnson lọ, 19 ò fẹ́. Ibò 36 ni wọ́n nílò. Ó dúró sípò.

Ìpínlẹ̀ tiwa ò ní Sẹ́nétì. Ilé kan ṣoṣo la ní. Ta ló wá máa gbọ́ ẹjọ́ gómìnà? Ìwé òfin 1979 ní kí èèyàn méje wádìí ẹ̀sùn náà, kí olórí ilé aṣòfin sì yàn wọ́n. Ẹ rí àléébù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àbí? Ní Kaduna, Balarabe Musa jẹ́ gómìnà láti ẹgbẹ́ PRP, ẹgbẹ́ NPN ló sì pọ̀ jù nílé aṣòfin. Ní oṣù kẹfà 1981 wọ́n yọ ọ́. Nígbà tó gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní ìwé òfin ò gba àwọn láyè láti dá sí i.

Ìdí nìyẹn tí ti 1999 fi yàtọ̀ níbì kan tó kéré lójú. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ló ń yan àwọn méje náà báyìí: èèyàn tó ṣeé fọkàn tán, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí kì í ṣe aṣòfin, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí gómìnà tó lè lọ. Adájọ́ yìí ni òpó tó gbé ilé náà dúró.

Ní Èkìtì, ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ dá lórí owó ìpínlẹ̀, pàápàá owó oko adìẹ tí ìjọba dá sílẹ̀, tí EFCC ń wádìí. Bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, mi ò bá ìyẹn lọ lónìí. Adájọ́ Àgbà Káyọ̀dé Bámisílé yan èèyàn méje. Àwọn aṣòfin ní ọ̀rẹ́ gómìnà ló kó jọ. Wọ́n bá ní àwọn dá adájọ́ àgbà dúró, wọ́n fi Adájọ́ Jídé Aládéjànà ṣe adelé. Adelé yan èèyàn méje mìíràn, àwọn yẹn ní ẹ̀sùn fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹwàá, ilé sì yọ gómìnà àti igbá-kejì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn ló yan ẹni tó yan àwọn tó gbọ́ ẹjọ́. Kaduna 1981 la padà sí, ẹ̀yìnkùlé la kàn gbà wọlé.

Gẹ́gẹ́ bí abala 271 ti wí, gómìnà ló ń fi adájọ́ àgbà sípò lẹ́yìn tí NJC bá dábàá rẹ̀, tí ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí i; gómìnà náà ló ń yan adelé. Láti yọ adájọ́ àgbà, abala 292 ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin béèrè, kí gómìnà ṣe é. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ò lè dá a ṣe. Ẹnì kan lè wá bi mí pé, "Prof, ṣé gómìnà tí wọ́n fẹ́ yọ ló máa bá wọn yọ adájọ́ tí wọ́n ní ó ń gbè é lẹ́yìn?" Rárá o, kò níí bá wọn ṣe é. Ó nira, wọ́n sì fẹ́ kó nira ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí irú ìdẹwò yìí rí. Ní 1804, ẹgbẹ́ Thomas Jefferson fẹ̀sùn kan Samuel Chase, adájọ́ ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ, torí ó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lórí àga ìdájọ́. Sẹ́nétọ̀ 34 ni wọ́n ní, 25 nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Jefferson. Ibò 23 ti tó láti lé e. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kẹta 1805, èyí tó pọ̀ jù lórí ẹ̀sùn kankan ò kọjá 19. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ lọ. Títí di òní, wọn ò tíì yọ adájọ́ kankan ní ilé ẹjọ́ yẹn. Nílé aṣòfin Adó, ọmọ ilé 26, irú àwọn tó kọ̀ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ tó.

Alfa Belgore, adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè nígbà náà, ní ipò tí wọ́n fi Aládéjànà sí ò bófin mu. Báyọ̀ Òjó, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, ní ìyọnípò náà ò bófin mu. Ẹ máa rò pé wọ́n á dá gómìnà padà sípò nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹwàá, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde ìjọba pàjáwìrì, ó sì fi Túnjí Olúrìn, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe alákòóso. Olórí tó ju ẹyọ kan lọ, lẹ́yìn náà àlejò. Àbúja ló ti wá lọ́tẹ̀ yìí.

Èyí ò sí nínú ohun tá a rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà rárá. Nígbà tí wọ́n yọ gómìnà Illinois, Rod Blagojevich, ní oṣù kìíní 2009, Sẹ́nétì ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló yọ ọ́, ibò 59 sí òdo. Ààrẹ ò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀. Abala 305 tiwa náà, tó sọ bí ààrẹ ṣe lè kéde pàjáwìrì, kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó ní kó lé gómìnà kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ní 7 oṣù kejìlá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ lórí Ràṣídì Ládọjà ti Ọ̀yọ́, tí aṣòfin 18 nínú 32 yọ ní oṣù kìíní ọdún yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ ṣèpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 jẹ́ 22. Ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ìwé òfin ṣì ní kí ilé ẹjọ́ má dá sí ìyọnípò, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nígbà Balarabe Musa, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ní bí wọn ò bá tẹ̀ lé ìlànà, kò sí ìyọnípò kankan tí ilé ẹjọ́ fẹ́ yẹra fún. Lórí èyí, a ti kọjá olùkọ́ wa: ní 1993, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní bí Sẹ́nétì ṣe gbọ́ ẹjọ́ irú èyí kò kan àwọn. Ládọjà padà sípò lóṣù yẹn.

Èkìtì ò rí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ gbà lákòókò. Alákòóso wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹrin 2007, oṣù kan péré sí ìgbà tí sáà gómìnà fi máa parí. Fáyóṣé fúnra rẹ̀ tún wọlé ìbò ní 2014, ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 2015.

Ti adájọ́ àgbà ní tirẹ̀, ó di 2012 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó là á mọ́lẹ̀, nínú ẹjọ́ Raliat Elelu-Habeeb ti Kwara, pé gómìnà àti ilé aṣòfin pọ̀ ò lè yọ adájọ́ àgbà bí NJC ò bá dá sí i. Ti àlejò alákòóso kò yí padà. Ní 18 oṣù kẹta 2025, Ààrẹ Tinubu dá gómìnà Rivers, igbá-kejì rẹ̀ àti ilé aṣòfin dúró fún oṣù mẹ́fà, ó rán Ibok-Ete Ibas, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, lọ sí Port Harcourt. Ojú ọ̀nà ti wà nílẹ̀ kó tó gbà á: Ìbàdàn 1962, Jos 2004, Adó 2006.